Kọ́ọ̀tù ní káńsù kan n'Ìbàdàn: ọjọ́ ìgbéyàwó dára, ìkéde àti ìbúra ló mẹ́hẹ

Ilé ìforúkọsílẹ̀ ìgbéyàwó tí mo fẹ́ ṣe àgbéyẹ̀wò rẹ̀ yìí jẹ́ ti ọ̀kan nínú àwọn ìjọba ìbílẹ̀ mọ́kànlá tí ó wà ní Ìbàdàn àti agbègbè rẹ̀. N kò ní dárúkọ káńsù náà, nítorí pé àwọn ojúlùmọ̀ mi tí wọ́n ṣe kọ́ọ̀tù ní àwọn káńsù mìíràn sọ ohun tí ó jọ ohun tí mo rí, kò sì yẹ kí àwọn òṣìṣẹ́ díẹ̀ ru ẹ̀bi tí ó kárí. Àbúrò mi ọkùnrin ni ó gbé ìyàwó níbẹ̀. Èmi ni wọ́n mú gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí láti ìdílé ọkọ, mo sì bá wọn tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ náà láti ìgbà tí wọ́n ti gba fọ́ọ̀mù títí di ìgbà tí ìwé ẹ̀rí dé ọwọ́ wọn. Ohun tí mo rí ni pé ilé náà mọ bí a ṣe ń so ọkùnrin àti obìnrin pọ̀ lọ́nà tí ó bófin mu, tí ó sì níyì. Ṣùgbọ́n àwọn iṣẹ́ tí òfin ní kí wọ́n ṣe kí ọjọ́ ìgbéyàwó tó dé, pàápàá ìkéde àti ìbúra, ni wọn kò kà sí nǹkan kan ju ìwé tí ènìyàn ní láti buwọ́ lù kí ó lè kúrò lórí ìlà.

Kí n tó máa sọ ohun tí ó dára àti ohun tí kò dára, ó yẹ kí a mọ ohun tí òfin béèrè, nítorí òun ni mo fi wọn iṣẹ́ wọn. Òfin Ìgbéyàwó tí a ń lò ní Nàìjíríà ti wà láti ọdún 1914, ó sì wà nínú àkójọ òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2004. Ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì tí ó fẹ́ fẹ́ra wọn yóò buwọ́ lu ìwé ìkéde tí wọ́n ń pè ní Fọ́ọ̀mù A, yóò sì fún akọ̀wé ìgbéyàwó ní agbègbè tí wọ́n ti fẹ́ ṣe é. Akọ̀wé yóò kọ ọ́ sínú ìwé ńlá kan tí ẹnikẹ́ni lè wá yẹ̀ wò lọ́fẹ̀ẹ́ ní àsìkò iṣẹ́, yóò sì lẹ ẹ̀dà rẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn ìta ọ́fíìsì rẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ 21, bí kò bá sí ẹni tí ó ta kò ó, tí ìbúra tí ó yẹ sì ti wáyé, akọ̀wé yóò fún wọn ní Fọ́ọ̀mù C, èyí tí í ṣe ìwé tí ó fún wọn láyè láti ṣe ìgbéyàwó níwájú òun fúnra rẹ̀ tàbí nínú ilé ìjọsìn tí ìjọba ti fún ní ìwé àṣẹ. Bí oṣù mẹ́ta bá kọjá láti ọjọ́ ìkéde tí ìgbéyàwó kò sì wáyé, gbogbo ohun tí wọ́n ti ṣe di òfo, ó di kí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀.

Ọ́fíìsì náà wà nínú ọgbà sẹkitéríàtì káńsù, ní ilé alájà kan tí ó dojú kọ ibi tí wọ́n ti ń gba owó orí ìsọ̀. Ibẹ̀ mọ́ tónítóní. Wọ́n kọ gbogbo ohun tí ènìyàn gbọ́dọ̀ mú wá sára pátákó kan ní Yorùbá àti ní Gẹ̀ẹ́sì: ìwé ẹ̀rí ìbí tàbí ìwé ìbúra ọjọ́ orí, fọ́tò pásípọ́ọ̀tù, káàdì ìdánimọ̀, ẹ̀rí ibùgbé, àti fún ẹni tí ó ti ní ọkọ tàbí aya rí, ìwé tí ó fi hàn pé ìgbéyàwó ìṣáájú ti tú tàbí pé ẹnì kejì ti kú. Mo gbóríyìn fún wọn lórí èyí, nítorí mo mọ àwọn ọ́fíìsì ìjọba tí wọn kì í sọ ohun tí wọ́n fẹ́ fún ènìyàn títí yóò fi dé ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta. Owó tí wọ́n gbà ni wọ́n kọ sára rìsíìtì, báńkì ni a sì ti san án. Kò sí ẹni tí ó ní kí a mú ọtí wá.

Òṣìṣẹ́ tí ó jókòó ti tábìlì àkọ́kọ́ mọ iṣẹ́ rẹ̀ nípa àwọn ìwé wọ̀nyí. Ọmọbìnrin kan wà níwájú wa lórí ìlà tí kò tíì pé ọmọ ọdún 21, ìyá rẹ̀ ni ó sì bá a wá láti fọwọ́ sí i pé òun gbà. Òṣìṣẹ́ náà fi sùúrù ṣàlàyé fún wọn pé ẹni tí kò bá tíì pé ọdún 21, tí kì í sì í ṣe opó, kò lè ṣe kọ́ọ̀tù láìjẹ́ pé bàbá rẹ̀ kọ ìwé ìfọwọ́sí. Ìyá lè fọwọ́ sí i bí bàbá bá ti kú, tàbí tí orí rẹ̀ kò bá pé, tàbí tí kò sí ní Nàìjíríà. Bàbá ọmọ yìí wà láàyè, Ṣakí ni ó ń gbé. Inú ìyá náà bàjẹ́, ó ní, "Èmi tí mo bí i, tí mo tọ́ ọ, n kò wá tó?" Lójú tèmi, òótọ́ ni ó sọ, òfin yẹn ti gbó, ó sì yẹ kí wọ́n tún un ṣe, ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ náà kọ́ ni ó ṣe òfin, kò sì fi ọ̀rọ̀ líle dá obìnrin náà lóhùn. Ó tún rán wọn létí pé Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003 kò fàyè gba ìgbéyàwó ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 rárá, bí bàbá ìbáà tilẹ̀ fọwọ́ sí i.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ó ṣe fún ọkùnrin kan tí ó ti ṣe kọ́ọ̀tù rí pẹ̀lú aya mìíràn. Ìwé tí ọkùnrin náà mú wá jẹ́ ìdájọ́ àkọ́kọ́ láti ilé ẹjọ́ gíga, èyí tí ó ní láti lo oṣù mẹ́ta kí ó tó di ìdájọ́ àṣekágbá. Òṣìṣẹ́ náà yẹ ọjọ́ ara rẹ̀ wò, ó sì ní kí ó lọ, kí ó padà wá nígbà tí ó bá ti gba ti àṣekágbá. Mo fẹ́ kí àwọn tí ó ń ka èyí fi ara balẹ̀ lórí ibí yìí, nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn n'Ìbàdàn rò pé kọ́ọ̀tù ìbílẹ̀ tí ó wà ní Mápó lè tú ìgbéyàwó tí wọ́n ṣe ní rẹ́jísìrì. Kò lè tú u. Ìgbéyàwó ìbílẹ̀ ni agbára kọ́ọ̀tù yẹn mọ. Èyí tí a ṣe lábẹ́ Òfin Ìgbéyàwó, ilé ẹjọ́ gíga nìkan ni ó lè tú u ká, bí ìgbéyàwó náà kò bá sì tíì pé ọdún méjì, ènìyàn sábà máa ń ní láti kọ́kọ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ ilé ẹjọ́ kí ó tó lè pe ẹjọ́ ìkọ̀sílẹ̀. Ẹni tí ó bá gba ìwé Mápó, tí ó wá lọ fẹ́ ẹlòmíràn, ṣì jẹ́ ọkọ tàbí aya ẹni àkọ́kọ́ lójú òfin.

Ibi tí iṣẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í mẹ́hẹ ni ìkéde. Lẹ́yìn tí àbúrò mi ti fi Fọ́ọ̀mù A sílẹ̀, mo wo ilẹ̀kùn ìta, n kò rí ohunkóhun níbẹ̀ ju ìwé ìpolówó ìdìbò kan tí òjò ti pa láwọ̀ dà. Mo padà sínú láti béèrè.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, níbo ni a ó ti rí ìkéde tiwa?"

"Ó wà nínú fáìlì, ẹ̀gbọ́n. Ẹ má ṣèyọnu, kò ní sọnù."

"Ṣé kì í ṣe ara ilẹ̀kùn ni ó yẹ kí ó wà?"

"Àwọn ọmọdé máa ń ya á ni. Pátákó wa wà ní yàrá inú, ibẹ̀ ni a óò lẹ̀ ẹ́ mọ́."

Yàrá inú tí ó wí yìí ni yàrá tí wọ́n ń kó àwọn fáìlì àtijọ́ sí, títì ni ó sì wà. Ẹni tí ó bá fẹ́ ka ìkéde náà ní láti mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, kí ó bẹ òṣìṣẹ́ kí ó mú kọ́kọ́rọ́ wá, kí ó sì ṣàlàyé ìdí tí ó fi fẹ́ wo ìgbéyàwó ẹlòmíràn. Ìkéde tí a tì mọ́ inú yàrá kì í ṣe ìkéde.

Àwọn kan yóò sọ pé kí ni mo ń fi èyí da ara mi láàmú sí, nígbà tí àbúrò mi àti ìyàwó rẹ̀ kò ní ohunkóhun tí wọ́n ń fi pamọ́. Èsì mi ni pé kì í ṣe nítorí tiwọn ni ìkéde ṣe wà. Nínú ìgbéyàwó àbáláyé, alárinà ni ó máa ń wádìí: yóò béèrè irú ìdílé tí wọ́n ti wá, bóyá ọkùnrin náà ní aya nílé, bóyá àwọn méjèèjì kò tan mọ́ra. Ìjọba kò ní alárinà, ìwé tí ó wà lára ilẹ̀kùn fún ọjọ́ 21 ni ó fi rọ́pò rẹ̀. Obìnrin tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta ní Ìṣẹ́yìn, tí ẹnì kan wá sọ fún un pé òun rí orúkọ ọkọ rẹ̀ lára ilẹ̀kùn rẹ́jísìrì, ní ẹ̀tọ́ láti wá sí ọ́fíìsì náà kí ìwé ẹ̀rí tó jáde, kí ó kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkéde náà nínú ìwé ńlá pé òun ta kò ó, kí ó sì kọ orúkọ rẹ̀, ibi tí ó ń gbé, àti ìdí rẹ̀. Bí ó bá ti ṣe bẹ́ẹ̀, akọ̀wé kò gbọ́dọ̀ fún wọn ní ìwé ẹ̀rí. Iwájú adájọ́ ilé ẹjọ́ gíga ni ọ̀rọ̀ náà ń lọ, kí adájọ́ gbọ́ tọ̀tún-tòsì. Òfin náà kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìlara dí ẹlòmíràn lọ́wọ́, nítorí adájọ́ lè ní kí ẹni tí ó ta kò láìnídìí gidi san owó ìtanràn fún àwọn tí ó pa lára. Ètò tí ó dọ́gba ni. Kí ó tó lè ṣiṣẹ́, ìwé náà gbọ́dọ̀ wà níbi tí ojú ti lè rí i.

Ìbúra ni èkejì, èyí sì dùn mí ju ti ìkéde lọ. Kí Fọ́ọ̀mù C tó jáde, ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ búra lórí nǹkan mẹ́rin: pé ó kéré tán, ẹnì kan nínú wọn ti gbé ní agbègbè náà fún ọjọ́ 15, pé wọ́n ti pé ọdún 21 tàbí pé ẹni tí ó yẹ ti fọwọ́ sí i, pé kò sí ìbátan nípa ẹ̀jẹ̀ tàbí nípa àna tí ó jẹ́ èèwọ̀ láàárín wọn, tàbí ìdíwọ́ mìíràn, àti pé kò sí èyí tí ó ti bá ẹlòmíràn ṣe ìgbéyàwó ìbílẹ̀ nínú wọn. Òfin kò fi mọ síbẹ̀. Ó ní kí ẹni tí ó ń gba ìbúra náà ṣàlàyé fún ẹni tí ó ń búra irú àwọn ìbátan tí wọn kò gbọ́dọ̀ fẹ́ra, àti ìyà tí ó wà fún ẹni tí ó bá rú òfin náà.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ níwájú mi ni pé wọ́n gbé ìwé tí wọ́n ti tẹ̀ sílẹ̀ fún àbúrò mi, wọ́n fi bíírò tọ́ka sí ibi tí yóò buwọ́ lù, wọ́n sì ti ń pe ẹni tí ó kàn. Mo ní kí wọ́n jọ̀wọ́ ka ohun tí ó wà nínú rẹ̀ sí i létí. Òṣìṣẹ́ náà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, gbogbo wọn ló máa ń buwọ́ lù ú, kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀." Nǹkan wà nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá ti ní aya nípa àṣà, tí ó wá lọ bá obìnrin mìíràn ṣe kọ́ọ̀tù, ìgbéyàwó kejì yẹn kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, òun fúnra rẹ̀ sì lè fi ẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún jura. Bákan náà ni ẹni tí ó bá ti ṣe kọ́ọ̀tù, tí ó wá lọ san owó orí aya kejì: ìgbéyàwó ìbílẹ̀ yẹn kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, ẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún náà ni òfin kọ fún un. Ó ṣọ̀wọ́n kí a gbọ́ pé wọ́n ju ẹnikẹ́ni sẹ́wọ̀n lórí rẹ̀, gbogbo wa sì mọ àwọn bàbá tí wọ́n ṣe kọ́ọ̀tù tí wọ́n sì ní aya méjì. Ṣùgbọ́n ẹ̀wọ̀n kọ́ ni ó máa ń jẹ àwọn ènìyàn níyà jù. Ọjọ́ tí bàbá bá kú ni ìyá kejì máa ń mọ̀ pé òun kì í ṣe aya lójú òfin, níwájú àwọn tí ó ń pín ogún. Ìwọ̀nba ìṣẹ́jú díẹ̀ ni àlàyé yìí yóò gbà. Bí wọ́n bá ń ṣe é fún gbogbo ẹni tí ó bá wá, àwọn ọkùnrin kan yóò fi bíírò sílẹ̀ lórí tábìlì, wọn yóò sì lọ sílé lọ rò ó.

Fún àwọn tí ó ń dààmú nípa ìdána: kò sí ìjà láàárín ìdána àti kọ́ọ̀tù. Ọkùnrin tí ó ti san owó orí obìnrin kan lè mú obìnrin yẹn kan náà wá sí rẹ́jísìrì, nítorí òfin kò dá ẹnikẹ́ni dúró láti bá aya rẹ̀ ti ìbílẹ̀ ṣe kọ́ọ̀tù. Ẹlòmíràn ni kò gbọ́dọ̀ mú wá.

Ọjọ́ ìgbéyàwó wá dé, mo sì gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́ pé inú mi dùn sí ohun tí mo rí. Gbọ̀ngàn náà kò tóbi, ó lè gba nǹkan bí ogójì ènìyàn bí wọ́n bá sún mọ́ra, ẹ̀rọ amúlétutù kan ṣoṣo ni ó sì ń ṣiṣẹ́. Òfin ní kí akọ̀wé ìgbéyàwó máa so àwọn ènìyàn pọ̀ láàárín aago mẹ́wàá òwúrọ̀ sí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, kí ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí, kí ẹlẹ́rìí méjì sì wà níbẹ̀. Wọ́n tẹ̀ lé gbogbo rẹ̀. Àwọn ayàwòrán tí ó kún ẹnu ọ̀nà fẹ́ sọ ọ́ di ọjà, ṣùgbọ́n akọ̀wé ìgbéyàwó, ìyá àgbà kan tí ohùn rẹ̀ rọlẹ̀, ní kí wọ́n dúró síta títí òun yóò fi parí.

Ó ní àwọn ọ̀rọ̀ tí òfin fi sí akọ̀wé lẹ́nu. Yóò béèrè lọ́wọ́ àwọn méjèèjì bóyá lóòótọ́ ni wọ́n wá láti di ọkọ àti aya. Bí wọ́n bá ní bẹ́ẹ̀ ni, yóò sọ fún wọn pé bí wọ́n bá ti gba ara wọn níwájú òun àti níwájú àwọn tí ó wà níbẹ̀, tí wọ́n sì ti buwọ́ lùwé, wọ́n ti di ọkọ àti aya lábẹ́ òfin, bí kò tilẹ̀ sí ètò ìsìn tàbí ayẹyẹ mìíràn. Pé ìgbéyàwó náà kò lè tú nígbà ayé wọn àfi nípa ìdájọ́ ìkọ̀sílẹ̀. Àti pé ẹni tí ó bá tún fẹ́ ẹlòmíràn nígbà tí èyí ṣì wà ti ṣẹ̀, ìyà sì wà fún un. Ìyá àgbà yìí ka èyí ní Gẹ̀ẹ́sì bí ó ṣe wà nínú ìwé, lẹ́yìn náà ó pa ìwé dé, ó kọjú sí àwọn òbí tí wọ́n jókòó ní ìlà iwájú, ó sì tún gbogbo rẹ̀ sọ ní Yorùbá tí ó já gaara. Nígbà tí ó dé ibi pé kò sí aya kejì, bàbá ìyàwó mirí, ó ní, "Ẹ tún un sọ, mà, kí ọkọ gbọ́ ọ dáadáa." Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, ó sì tún un sọ. Ṣé ẹ rí i pé wọ́n mọ bí a ṣe ń ṣàlàyé? Àlàyé tí ó yẹ kí àbúrò mi ti gbọ́ nígbà tí ó ń búra, tí ó ṣì lè ronú, ni ó wá gbọ́ nígbà tí aṣọ ẹbí ti wà lọ́rùn gbogbo wa, tí ọbẹ̀ sì ti wà lórí iná nílé.

Ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó jáde lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀dà méjì ni wọ́n ń kọ, ọkọ, aya, akọ̀wé àti ẹlẹ́rìí méjèèjì yóò buwọ́ lù wọ́n, wọn yóò fún tọkọtaya ní ọ̀kan, èkejì yóò wà ní ọ́fíìsì. Ẹ ka gbogbo lẹ́tà orúkọ yín kí ẹ tó buwọ́ lù ú. Wọ́n ti fẹ́ kọ orúkọ ìyàwó àbúrò mi láìsí orúkọ àárín tí ó wà nínú pásípọ́ọ̀tù rẹ̀, a sì ní kí wọ́n tún un ṣe. Wọ́n tún un ṣe láìjiyàn. Ẹni tí ó bá ń gbèrò láti lo ìwé yìí fún físà mọ ohun tí irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ lè fà.

Ọ̀rọ̀ físà yìí ni ó máa ń mú kí àwọn ènìyàn fi káńsù sílẹ̀, kí wọ́n rìn lọ sí rẹ́jísìrì ìjọba àpapọ̀ tí ó wà ní Ìkòyí, l'Ékòó. Ọ̀pọ̀ gbà pé ìwé Ìkòyí ni àwọn ilé iṣẹ́ aṣojú orílẹ̀-èdè mìíràn fọkàn tán. N kò lè bá ẹni tí ó bá yan Ìkòyí jà, nítorí ẹ̀rù kì í gbọ́ àlàyé. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ fún yín pé ìwé káńsù kì í ṣe ìwé òfin. Ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 fi ìdásílẹ̀ àti ìtúká ìgbéyàwó irú èyí sí abẹ́ ìjọba àpapọ̀, ó sì ka ìforúkọsílẹ̀ ìbí, ikú àti ìgbéyàwó mọ́ iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Àríyànjiyàn lórí ẹni tí ó ni iṣẹ́ náà ti dé ilé ẹjọ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2021, ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ l'Ékòó gbè sẹ́yìn àwọn ìjọba ìbílẹ̀ nínú ẹjọ́ tí Etí-Ọ̀sà àti àwọn mìíràn pè, ìdájọ́ náà sì dá ìpayà sílẹ̀ láàárín àwọn tí ó ti ṣe tiwọn ní Ìkòyí, títí ilé iṣẹ́ ìjọba tí ó ń rí sí ọ̀rọ̀ abẹ́lé fi jáde láti fi wọ́n lọ́kàn balẹ̀. Ẹni tí ó ń fi ojú kéré káńsù kò rántí ìyẹn.

Àwọn tí ó fẹ́ ṣe tiwọn ní ṣọ́ọ̀ṣì náà lè jàǹfààní rẹ́jísìrì yìí, nítorí pé Fọ́ọ̀mù C láti ibẹ̀ ni pásítọ̀ nílò kí ó tó lè so wọ́n pọ̀ lábẹ́ òfin. Ẹ béèrè bóyá ṣọ́ọ̀ṣì yín ní ìwé àṣẹ ìjọba láti máa so ènìyàn pọ̀, ẹ sì ní kí wọ́n fi hàn yín. Ṣọ́ọ̀ṣì tí ó ní ìwé àṣẹ lè ṣe é láàárín aago mẹ́jọ òwúrọ̀ sí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Èyí tí kò ní, àdúrà ni ó lè gbà fún yín. Bí ẹ bá sì ti ṣe kọ́ọ̀tù ní Ọjọ́bọ̀, tọkọtaya ni ẹ ti jẹ́ kí ẹ tó wọ ṣọ́ọ̀ṣì ní Sátidé.

Èmi yóò rán ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ ṣe kọ́ọ̀tù tí kò ní náni lówó gọbọi lọ sí ilé yìí, pàápàá àwọn tí òbí wọn kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Kí wọ́n ní kí akọ̀wé lẹ ìkéde wọn mọ́ ibi tí òfin wí, kí wọ́n sì ní kí ó ka ìwé ìbúra kí ó sì ṣàlàyé rẹ̀, bí wọ́n bá tilẹ̀ fajú ro díẹ̀. Ẹni tí kò lè dúró fún ọjọ́ 21 ni kí ó má ṣe lọ síbẹ̀. Ìwé àṣẹ àkànṣe tí ó lè fo ìkéde wà, ṣùgbọ́n ọwọ́ Mínísítà ni òfin fi í sí. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó máa ń dúró lẹ́bàá igi máńgòrò inú ọgbà náà pè wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní òun lè bá wa fa ọjọ́ ìkéde sẹ́yìn kí a lè ṣe é lọ́sẹ̀ tí ń bọ̀. Kì í ṣe òṣìṣẹ́ wọn, àwọn òṣìṣẹ́ sì mọ̀ pé ó ń dúró níbẹ̀. Ìgbéyàwó tí ọkọ àti aya mọ̀ọ́mọ̀ ṣe láìsí ìwé ẹ̀rí akọ̀wé tàbí ìwé àṣẹ jẹ́ òfo lójú òfin, bí gbogbo ìdílé ìbáà tilẹ̀ jó níbẹ̀, nítorí náà ẹ má ṣe fún ọ̀dọ́mọkùnrin náà ní kọ́bọ̀.